Bí àgbègbè kan bá pọ́n jù lórí máàpù ìwà ọ̀daràn, kí ni máàpù náà ń sọ gan-an?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan:

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ máàpù, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbé máàpù kan fún wa ní kíláàsì tó ń fi olè jíjà hàn ní àgbègbè 21 tí wọ́n pín ìlú kan sí. Àwọ̀ pupa ni wọ́n fi kùn ún ní ìpele márùn-ún, láti orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun dé orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dúdú. Wọ́n ní kí a sọ ibi tí máàpù náà dára sí àti ibi tó kù sí. Mo kọ ọ́ pé ó tètè yéni, mo sì kọ ọ́ pé àléébù rẹ̀ ni pé àlàyé inú rẹ̀ kò kún tó. Máàkì 3 nínú 12 ni wọ́n fún mi. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá: ibi tó bá pọ́n jù ni àwọn olè pọ̀ sí jù. Àléébù wo ni wọ́n tún fẹ́ kí n wá fún un, àbí wọ́n kàn fẹ́ ká máa fi ẹ̀sùn kan ohun tí kò ṣẹ̀ ni?

* * *

Máàkì 3 yẹn kò burú jù, nítorí pé ohun méjèèjì tí ẹ kọ, ẹnikẹ́ni lè kọ wọ́n láì wo máàpù náà rárá. Ẹ ní ó tètè yéni. Kí ni ó yéni? Ẹ gbé àkọsílẹ̀ onílà 21 síwájú ènìyàn, kí orúkọ àgbègbè wà lápá kan, kí iye olè jíjà wà lápá kejì. Yóò rí èyí tó pọ̀ jù, yóò rí èyí tó kéré jù, ó parí. Kò ní rí i pé àgbègbè kẹta, ìkẹsàn-án àti ìkẹtàdínlógún fara kanra wọn, àti pé ojú irin kan náà ló gba inú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Máàpù nìkan ló lè gbé ìyẹn síta, torí pé bí ibi kan ṣe sún mọ́ ibi kejì ni ohun tí máàpù mọ̀ ọ́n sọ jù. Bí ẹ bá fẹ́ yìn ín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti yìn ín, kí ẹ sì dárúkọ àwọn àgbègbè tí ẹ rí.

Agbára kejì tó ní ni pé ó ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù mìíràn. Ní ọdún 1829, amòfin ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ André-Michel Guerry, pẹ̀lú onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tó ń jẹ́ Adriano Balbi, tẹ máàpù mẹ́ta jáde sórí abala ìwé kan ṣoṣo: ọ̀kan fún ìwà ọ̀daràn sí ènìyàn, ọ̀kan fún ìwà ọ̀daràn sí ohun ìní, ọ̀kan fún bí ẹ̀kọ́ ṣe gbilẹ̀ tó. Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé àìmọ̀wé ló ń bí ìwà ọ̀daràn. Máàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀ fún wọn: apá àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí ẹ̀kọ́ ti gbilẹ̀ ju gúúsù lọ, ni ìwà ọ̀daràn sí ohun ìní ti pọ̀. Kò sí bí àkọsílẹ̀ onínọ́ḿbà ìbá ṣe dójú ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Guerry kò sọ pé ìwé kíkà ló ń sọ ènìyàn di olè. Ohun tó fi hàn ni pé ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, èyí sì ti tó iṣẹ́ fún máàpù.

* * *

Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn, pé ibi tó bá pọ́n jù ni àwọn olè pọ̀ sí jù, ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí, nítorí pé àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Máàpù náà kò ka olè, olè jíjà ló kà, ẹnìkan ṣoṣo sì lè jalè ní ìgbà ogójì. Ẹni tó jalè lè máà gbé níbẹ̀ rárá. Ẹ̀kẹta ló gùn jù: "pọ̀" yẹn, ìdá mélòó nínú kí ni?

Ká ní àgbègbè kan ní olùgbé 20,000, tí wọ́n sì jalè níbẹ̀ ní ìgbà 400 lọ́dún. Èkejì ní olùgbé 2,000, ìgbà 120 ni wọ́n jalè níbẹ̀. Bí ẹni tó ya máàpù bá fi àpapọ̀ iye kùn ún, àgbègbè àkọ́kọ́ ni yóò dúdú jù. Bí ó bá pín in fún ẹgbẹ̀rún olùgbé kọ̀ọ̀kan, 20 ni ti àkọ́kọ́, 60 ni ti èkejì, àwọ̀ yóò sì yí padà pátápátá. Máàpù tí a fi àpapọ̀ iye kùn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí máàpù ibi tí èrò pọ̀ sí.

Nítorí náà, gbogbo ìwé ló ń kọ́ni pé kí a máa pín in fún olùgbé. Ó dára, ṣùgbọ́n èmi ti rí ibi tí pípín ti burú ju àìpín lọ. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń ya máàpù, àgbègbè kékeré kan wà ní àárín ìlú tí a ń yà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, báńkì àti ilé ìtajà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Olùgbé 412 péré ló ń sùn níbẹ̀. Olè jíjà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lọ́dún kan jẹ́ 515. Kọ̀ǹpútà pín in, ó gbé 1,250 jáde fún ẹgbẹ̀rún olùgbé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi pupa tó jinlẹ̀ jù lọ kùn ún. Ọ̀gá wa wò ó títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé olúkúlùkù ènìyàn 412 yìí ni wọ́n jà lólè ní ìgbà kan àti ìdá mẹ́rin?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, àwọn ni àwọn jáwójáwó ń ja lólè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sùn síbẹ̀ ni a fi pín in. Ohun tí a fi pín in ló ṣì wá lọ́nà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè pé kí ló ṣeé jí níbẹ̀, ta ló sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè jà lólè. Bí ó bá jẹ́ fífọ́ ilé ni, iye ilé ni kí a fi pín in. Bí ó bá jẹ́ jíjí ọkọ̀, iye ọkọ̀ tó ń sùn sí àdúgbò náà ni. Ti jáwójáwó ló le jù, nítorí pé ètò ìkànìyàn kì í ka ẹni tó ń kọjá lọ.

Ẹ má sì gbàgbé àgbègbè tí olùgbé rẹ̀ kò pọ̀. Bí ibì kan bá ní olùgbé 300, tí wọ́n sì pa ẹnìkan ṣoṣo níbẹ̀ lọ́dún kan, ó ti di 333 fún 100,000 nìyẹn. Lọ́dún kejì, ó di òdo. Àwọ̀ ibẹ̀ yóò máa fò sókè fò sílẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

* * *

Ẹnìkan dáhùn pé gbogbo ìyọnu yìí kò ní sí bí ẹni tó ya máàpù náà bá fi àwọ̀ sílẹ̀, tó sì fi àmì tótó kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tí wọ́n ti jalè gan-an. Ó ní: "Àmì kan, olè jíjà kan. Kò sí pípín, kò sí ààlà, kò sí ibi tí irọ́ yóò gbà wọlé."

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ní ọdún 1989, Lawrence Sherman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí kan jáde nípa ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n to gbogbo ìpè tí àwọn ará ìlú pe ọlọ́pàá láàárín ọdún kan mọ́ ojúlé àti oríta tí ìpè kọ̀ọ̀kan dá lé. Ìdá 3.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ojúlé àti oríta náà ló ni ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ìpè wọ̀nyí. Ohun tí èyí ń sọ fún ẹni tó di máàpù aláwọ̀ mú ni pé nínú àgbègbè tó pọ́n jù lọ, ọ̀pọ̀ òpópónà lè wà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti January dé December, kó sì jẹ́ pé oríta kan ṣoṣo ló di gbogbo ẹrù náà lé gbogbo wọn lórí. Máàpù aláwọ̀ kò mọ̀yẹn. Ẹyọ àwọ̀ kan ló máa ń dà bo gbogbo wọn. Àmì tótó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n irọ́ ti mọ ọ̀nà mìíràn wọlé. Bí wọ́n bá jalè ní ìgbà 80 nínú ilé ìtajà kan ṣoṣo, àmì 80 yóò gun orí ara wọn, ojú yóò sì rí ẹyọ kan. Àfi kí a sọ ọ́ di àmì róbótó tó ń tóbi bí iye bá ṣe ń pọ̀, èyí náà yóò sì bo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì tún ń bẹ. Ohun tí akọ̀wé kọ sínú ìwé ni ó ń di àmì lórí máàpù. Bí ó bá ṣi orúkọ òpópónà kọ, tàbí bí ẹni tí wọ́n jà lólè kò bá mọ ibi tí àpò rẹ̀ ti sọnù nínú ọkọ̀ ojú irin, kọ̀ǹpútà yóò ṣáà wá ibì kan fi í sí. Ní ọdún 2009, ìwé ìròyìn Los Angeles Times tú u síta pé máàpù tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú Los Angeles gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kó ìwà ọ̀daràn tó lé ní 1,000 jọ sí ojú kan ṣoṣo nítòsí gbọ̀ngàn ìjọba ìlú náà. Ìdí ẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń da gbogbo àdírẹ́sì tí kò bá dá mọ̀ sí. Ẹni tó bá wo máàpù náà yóò rò pé iwájú ilé ìjọba ni ilé olè. Jerry Ratcliffe, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2004 pé bí àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà rí ojú wọn kò bá tó 85 nínú ọgọ́rùn-ún, a kò gbọ́dọ̀ fi ọkàn tán ohun tí máàpù náà bá fi hàn. Máàpù mélòó ni ó ń kọ iye yìí sí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀? Èmi kò tíì rí tó mẹ́ta.

Nígbà mìíràn sì rèé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé àmì náà kúrò lójú rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ṣí máàpù ìwà ọ̀daràn ti England àti Wales sórí ìkànnì police.uk ní ọdún 2011, wọ́n ti yan àwọn ojú ibi kan sílẹ̀ ṣáájú; àgbègbè tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tó pọ̀ díẹ̀, tàbí kó má ní ọ̀kankan rárá. Orí ojú ibi tó bá sún mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan jù ni àmì ìṣẹ̀lẹ̀ náà yóò bọ́ sí. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lù, tó sì fi ẹjọ́ sùn, kò yẹ kó jí lọ́jọ́ kejì kó bá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ilé tí yóò rà, tó rí àmì 12 níwájú ilé kan, tó sì sá fún ilé náà, kò mọ̀ pé ìdajì nínú àmì yẹn lè jẹ́ ti òpópónà ẹ̀yìn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí máàpù aláwọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín. Àwọ̀ márùn-ún, ẹ ní. Ta ló gé e sí márùn-ún, ibo ló sì ti gé e?

Mo dán an wò kí n tó kọ̀wé yìí. Mo fi nọ́ḿbà 21 sínú kọ̀ǹpútà, láti 4 dé 104 fún ẹgbẹ̀rún olùgbé kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kọjá 40 nínú wọn, ìyẹn 104 fúnra rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kó gé e ní ìwọ̀n tó dọ́gba, 20 sí 20. Àgbègbè kan ṣoṣo ló dúdú, ìpele mẹ́ta tó wà láàárín kò rí ju àwọn díẹ̀ tí kò tó 40 lọ, ìyókù funfun kẹ́ń. Ìlú tó rọ̀ṣọ̀mù ni, àfi ojú kan tó ti bàjẹ́. Mo wá ní kó gé e kí iye àgbègbè tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àgbègbè mẹ́rin ló dúdú: 104, 38, 33 àti 31. Ibi tí iye rẹ̀ jẹ́ 31 wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ibi tí iye rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, nígbà tí 29, tó fi méjì péré dín sí i, bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà mí, n kò sì fọwọ́ kan nọ́ḿbà kankan. Bí mo bá jẹ́ olóṣèlú tó fẹ́ owó púpọ̀ sí i fún ọlọ́pàá, èkejì ni n óò gbé jáde. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n yìn mí pé ìlú mi tòrò, ẹ ti mọ èyí tí n óò tẹ̀.

Ohun kékeré méjì ni mo fi kún un. Àgbègbè tó fẹ̀ ṣùgbọ́n tí ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀ ló máa ń gba ojú, nígbà tí èyí tó há, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń gbé níbẹ̀, a máa sá pamọ́ sí abẹ́ orúkọ tí wọ́n kọ lé e lórí. Bákan náà, máàpù tó bá fi pupa ṣe ibi tó burú, tó fi àwọ̀ ewé ṣe ibi tó dára, ti pa àwọn kan tì: láàárín àwọn tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ni ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ méjèèjì dáadáa. Bí wọ́n bá sì ti gbé e gba inú ẹ̀rọ adàwékọ, eérú kan náà ni méjèèjì ń dà.

* * *

Òǹkàwé mìíràn mú ọ̀rọ̀ wá tó mú mi dìde jókòó. Ó ní òun gbé máàpù ìṣẹ́ lé orí máàpù ìwà ọ̀daràn ìlú kan, àwọ̀ wọn bára mu wẹ́kú, nítorí náà "àwọn òtòṣì ló ń jalè, kí a má ṣe fi ẹnu mélòó sọ ọ́."

Rárá o. Àwọn àgbègbè ló bára mu, àwọn ènìyàn inú wọn kọ́. Ní ọdún 1950, W. S. Robinson fi ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 1930 ṣe àlàyé ewu yìí. Nígbà tó fi ìpínlẹ̀ wé ìpínlẹ̀, ibi tí àwọn tí wọ́n bí sí òkè òkun ti pọ̀ ni àìmọ̀wé ti kéré. Nígbà tó wá wo ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ó yí padà: àwọn tí wọ́n bí sí òkè òkun ni àìmọ̀wé pọ̀ láàárín wọn ju àwọn onílé lọ. Ìpínlẹ̀ tí àwọn onílé ti mọ̀wé ni àwọn àjèjì náà ń ṣí lọ, òun ló fà á. Bí ó ṣe rí pẹ̀lú òtòṣì náà nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé àwọn òtòṣì gan-an ni wọ́n ń jà lólè jù, ó lè jẹ́ pé ilé wọn kò ní kọ́kọ́rọ́ tó dára, ó sì lè jẹ́ pé òde ni olè ti ń wá. Máàpù méjèèjì kò lè yan ọ̀kan nínú wọn fún wa.

Ààlà fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1979, Stan Openshaw àti Peter Taylor mú káúńtì 99 tó wà ní ìpínlẹ̀ Iowa, wọ́n ń tún wọn pín jọ ní onírúurú ọ̀nà, wọ́n sì ń wo bí iye àwọn arúgbó ṣe bá ìbò ẹgbẹ́ òṣèlú kan mu. Bí wọ́n ṣe ń yí ààlà padà ni ìdáhùn ń yí padà, láti orí kí méjèèjì máa bá ara wọn rìn gírígírí, dé orí kí ọ̀kan máa sá fún èkejì. Ènìyàn kan náà ni, ìbò kan náà ni. Lórí máàpù ìwà ọ̀daràn, òpópónà ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà, orí òpópónà ńlá yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ìjà àti ìdigunjalè ti ń ṣẹlẹ̀. Ìhà wo ni kí a kà á sí?

* * *

Ẹni tó ti bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ rí kọ̀wé pẹ̀lú ìbínú díẹ̀: "Ẹ jókòó sílé, ẹ ń ka àléébù. Àwa tí a ní ọkọ̀ mẹ́rin fún gbogbo òru, máàpù yìí ló ń sọ ibi tí a óò gbé wọn sí. Kí ni ẹ fẹ́ ká lò, àlá?"

Ó gbá mi mú níbẹ̀. Máàpù tó kù díẹ̀ káàtó sàn ju àìní rárá lọ fún ẹni tó gbọ́dọ̀ pinnu kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọdún 1994 tí àwọn ọlọ́pàá New York ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé CompStat, níbi tí wọ́n ti ń gbé máàpù síwájú ọ̀gá àgọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń bi í léèrè ohun tó ń ṣe nípa ibi tí àmì ti ṣù jọ, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti tẹ̀ lé wọn. Ohun tí mo kàn fẹ́ bi ọkùnrin yìí ni pé wákàtí wo ni máàpù rẹ̀ ń sọ? Àgbègbè tó pọ́n nítorí òru ọjọ́ Jímọ̀ nìkan kò ní àǹfààní kankan tí ọkọ̀ yóò ṣe fún un ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Máàpù tó kó odidi ọdún kan jọ sójú kan ti gbé aago mì.

Ibi tí a kò ti ní gbọ́ ara wa yé ni orí àkọsílẹ̀. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ni máàpù ń fi hàn. Mo ní ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló ń fi hàn, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ní oṣù November ọdún 2014, àjọ tó ń bẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò ní England àti Wales kéde pé nínú gbogbo ìwà ọ̀daràn tí àwọn ènìyàn wá fi sùn, nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọlọ́pàá kò kọ sílẹ̀. Ti ìwà ipá jẹ́ 33, ti ìbálòpọ̀ jẹ́ 26. Àwọn tó wá fi ẹjọ́ sùn nìyẹn o. A kò tíì débi ti àwọn tí kò wá rárá.

Ìdí nìyí tí n kò fi ń sọ̀rọ̀ "máàpù ìwà ọ̀daràn" bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Ti jíjí ọkọ̀, mo lè fọkàn tán an dé ibi tó jinlẹ̀, nítorí pé iléeṣẹ́ adójútòfò kò ní san owó fún ẹni tí kò bá ní ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ti ìpànìyàn náà ṣeé gbára lé, torí òkú kò ṣeé fi pamọ́ bọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ sábà máa ń kéré jù láti kùn ní àwọ̀. Ti ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá abẹ́lé, máàpù ẹni tó ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá ṣí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ sí àdúgbò kan, àdúgbò náà lè túbọ̀ pọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kó sì jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Ti jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ ní ibi tí a lè fi àmì rẹ̀ sí: ṣé ilé ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ni, àbí yàrá ẹni tó lù ú, tó lè wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn?

Ti oògùn olóró ló burú jù nínú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó ń lọ fi ẹjọ́ oògùn tó rà sùn, nítorí náà ibi tí ọlọ́pàá bá ti lọ yẹ àpò ènìyàn wò ni yóò ti rí i. Kristian Lum àti William Isaac fi èyí hàn ní ọdún 2016 pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìlú Oakland ní Amẹ́ríkà. Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n fi béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fúnra wọn, lílo oògùn olóró tàn ká gbogbo ìlú; nínú ìwé ọlọ́pàá, àwọn àdúgbò díẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nígbà tí wọ́n wá fi ìwé ọlọ́pàá náà bọ́ ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ibi tí ọlọ́pàá yóò tún lọ, àwọn àdúgbò kan náà ló ń rán wọn padà sí. Agbọ́tẹnìkan-dájọ́ ni máàpù bẹ́ẹ̀, ẹnìkan yẹn náà ló sì tún ń rán níṣẹ́.

* * *

Ó yẹ kí n dá ẹni tó béèrè lóhùn kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó gbà mí lọ. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ gba máàkì 12 yẹn, n kò ní to agbára sí apá kan kí n to àléébù sí apá kejì bí ẹni tó ń pín ogún. N óò yan ohun kan tí ẹnìkan fẹ́ fi máàpù náà ṣe, n óò sì wò ó láti ibẹ̀. Báyìí ni n óò ṣe bẹ̀rẹ̀: "Máàpù yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ apá ibi tí olè jíjà ti ṣù jọ nínú ìlú, nítorí pé ó fi hàn pé àwọn àgbègbè tó dúdú jù fara kanra wọn ní àárín ìlú, wọn kò fọ́n ká. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ yan òpópónà tí yóò gbé, nítorí pé àwọ̀ kan ṣoṣo ló bo àgbègbè tó lè ní ọgọ́rùn-ún òpópónà." Lẹ́yìn náà ni n óò wá bọ́ sórí ohun tí wọ́n fi pín in, ibi tí wọ́n ti gé àwọ̀, àti ìwé ẹni tí wọ́n kà. Kí ẹ tó kọ ìyókù, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ máàpù náà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún wa.

* * *

Ó ti padà wá. Ó ní "Olè jíjà" nìkan ni àkọlé, kò sí ọdún. Nínú àpótí àlàyé àwọ̀, "kéré jù" ló wà lápá kan, "pọ̀ jù" lápá kejì, kò sí nọ́ḿbà kankan láàárín. Ó ní òun kò kà á sí nǹkan tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn ni kí ẹ fi ṣe ìlà àkọ́kọ́ nígbà náà. A kò mọ̀ bóyá ibi tó dúdú jù fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ibi tó funfun jù lọ, tàbí ó fi ẹyọ méjì jù ú. A kò mọ̀ bóyá àpapọ̀ iye ni, tàbí wọ́n ti pín in. Gbólóhùn yín nípa ibi tí olè pọ̀ sí jù kò tíì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ yín bóyá ẹ̀dà mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ adàwékọ ló gé ibẹ̀ jẹ.